Bí a ṣe ń jẹ́ kí oníjìtá tí kò gbà gbọ́ gbọ́ ìyàtọ̀ pickup tá a tún ṣe

Tẹ́ ẹ bá ń tún jìtá ṣe ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà, ẹ mọ irú àwọn tí mò ń sọ. Ẹ̀gbọ́n tó ti ń ta jìtá ní báńdì jùjú kí wọ́n tó bí yín, ọmọ Music ní OAU tó ti fi íntánẹ́ẹ̀tì mọ gbogbo ẹ̀ tán, ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì tó gbà pé àfi tí wọ́n bá kọ Fender sí i lórí kó tó lè dún. Ẹ yọ mágnẹ́ẹ̀tì abẹ́ pickup ẹ̀ (èlò abẹ́ okùn tó ń gbọ́ ohùn okùn ránṣẹ́ sínú wáyà), ẹ fi òmíì sí i, ẹ ní kó wá gbọ́, ó tẹ́tí díẹ̀ ó ní "ọ̀gá, kí ló wá yàtọ̀ níbẹ̀?" Tó bá wá lọ jẹ́ Ìjẹ̀ṣà, ẹ̀yin gan-an lẹ máa di òṣómàáló nídìí owó iṣẹ́ yín. Kì í ṣe pé etí wọn di o, bá a ṣe ń jẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ ni kò dáa.

Iṣẹ́ tí màá fi ṣàpẹẹrẹ ni èyí tó wọ́pọ̀ jù: humbucker (pickup oníkọ́ìlì méjì) jìtá olówó pọ́ọ́kú tí mágnẹ́ẹ̀tì ceramic wà nídìí ẹ̀, tẹ́ ẹ yọ ìyẹn, tẹ́ ẹ ti irú mágnẹ́ẹ̀tì míì tí wọ́n ń pè ní Alnico 5 bọ̀ ọ́. Tó bá jẹ́ wáyà ẹ̀ lẹ tún yí tàbí ẹ ṣe coil split sí i (kó lè máa pa kọ́ìlì kan nínú méjèèjì), ọ̀nà kan náà ni.

Ẹ gba ohùn àtijọ́ sílẹ̀ ná

Àwọn èèyàn á ti jó wáyà kúrò kí wọ́n tó rántí èyí. Ohùn tó bá ti lọ ti lọ nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè gbé e sórí títí dọjọ́ kejì kó wá fi wé òmíì. Okùn tuntun lẹ máa kọ́kọ́ fi sí i, ẹ fà á dáadáa kó jókòó, ẹ wá gba ohùn pickup àtijọ́ sílẹ̀. Okùn yẹn náà ló máa padà síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá ṣe tán. Èmi máa ń fi kápò há okùn mọ́ ọrùn jìtá kí n tó dẹ̀ ẹ́, kó má baà tú ká. Mo ti rí àwọn tó jẹ́ pé okùn tó ti dípẹtà ni wọ́n fi ta ti àtijọ́, wọ́n ṣiṣẹ́ tán wọ́n wá kó okùn tuntun sí i, ohùn ń tàn yanran, wọ́n ní mágnẹ́ẹ̀tì ni. Okùn ni jàre, ẹ̀gbọ́n tó jókòó síwájú wọn sì mọ̀, ó kàn ń wò wọ́n ni.

Ẹ kọ gbogbo nǹkan sílẹ̀: ibi tí nọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan wà, pick tẹ́ ẹ lò, bí pickup ṣe jìnnà sókùn tó (rúlà ọmọ ilé ìwé ti tó), àti wáyà tẹ́ ẹ fi so ó mọ́ kọ́ńbò (àpótí tó ń gbé ohùn jìtá jáde). Wáyà yẹn ṣe pàtàkì o. Bó bá ṣe gùn tó ló ṣe máa jẹ trẹ́bù tó, ẹ ò wá lè fi wáyà mítà 3 ta ti àkọ́kọ́ kẹ́ ẹ fi mítà 6 ta ìkejì. Mítà 3 lèmi ń lò, mi ò kí ń yí i padà.

Nípa mítà oníná, àwọn kan á gbé e wá pé àwọn fẹ́ wọn pickup. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n, àmọ́ ẹ ti sọ fún wọn ṣáájú pé nọ́ńbà ò ní yí padà. Tó bá wà ní 8 kílò-ohm tẹ́lẹ̀, 8 náà ló máa wà, torí wáyà inú ẹ̀ ni mítà ń wọ̀n, kò mọ nǹkankan nípa mágnẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ ò bá sọ ọ́ ṣáájú, ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn, á ní "ṣé ẹ ti rí i báyìí?" Tẹ́ ẹ bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jó léèdì sí i tán tàbí ó ti wà nínú oòrùn, nọ́ńbà á tún gòkè díẹ̀: bàbà tó bá fi 10 digirí gbóná sí i, ó máa ń fi nǹkan bíi 4 nínú 100 lé. Ẹ jẹ́ kó tutù kí wọ́n tó wọ̀n ọ́n.

Bí wọ́n ṣe ń pààrọ̀ mágnẹ́ẹ̀tì fúnra ẹ̀ kò le, ẹ tú ìdè abẹ́ ẹ̀, ẹ tì í síta, ẹ ti tuntun wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ ojú tó kọ sí o. Kọ́ńpáàsì orí fóònù ti tó, ẹ gbé mágnẹ́ẹ̀tì àtijọ́ sún mọ́ ọn, ẹ wo ibi tí ọwọ́ ẹ̀ yí sí, ẹ fi báírò sàmì sí i, kí tuntun wọlé lójú kan náà. Tẹ́ ẹ bá yí i lódì, tí wọ́n bá wá tan pickup méjèèjì pọ̀, ohùn á fẹ́lẹ́ bíi rédíò tí bátìrì ẹ̀ ń kú lọ, gbogbo àlàyé yín ti dòfo.

Ariwo méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba

Ibí yìí niṣẹ́ wà, ẹ fara balẹ̀.

Etí èèyàn máa ń gbà pé èyí tó ròkè díẹ̀ ló dáa jù, kódà tí olúwa ẹ̀ ò mọ̀ pé ó ròkè. Lọ́dún 1933 ni Fletcher àti Munson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, ti fi hàn pé tí ohùn bá lọ sílẹ̀, béèsì àti trẹ́bù ló kọ́kọ́ máa ń sá fún etí, tó bá ròkè wọ́n á padà. Ẹ wá wo wàhálà tó wà níbẹ̀: ceramic sábà máa ń lágbára ju Alnico lọ. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé pickup àtijọ́ ló máa pariwo jù, iṣẹ́ yín tó dáa á wá dún bíi pé ẹ̀mí ò sí nínú ẹ̀, oníjìtá á sì ní kẹ́ ẹ dá tòun padà. Tó bá jẹ́ pé tuntun ló pariwo jù, òun á gbà, àmọ́ irọ́ lẹ pa fún un, ó dẹ̀ máa mọ̀ tó bá délé.

Nítorí náà ẹ mú wọn dọ́gba. Ẹ má fi nọ́ọ̀bù vólúùmù ara jìtá ṣe é o, mo tún un sọ, ẹ má fi vólúùmù ara jìtá ṣe é. Nínú ọ̀pọ̀ jìtá, tẹ́ ẹ bá yí i wálẹ̀, trẹ́bù náà ń lọ pẹ̀lú ẹ̀, ẹ ti fi ohun kẹta kún nǹkan méjì tẹ́ ẹ fẹ́ fi wéra. Ẹ má dẹ̀ sún pickup wálẹ̀ torí ẹ̀, torí bó ṣe jìnnà sókùn náà ń yí ohùn padà. Gbogbo nọ́ọ̀bù jìtá wà lókè pátá, lára kọ́ńbò tàbí míkísà lẹ ti máa dín in kù tàbí kẹ́ ẹ fi kún un.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí: mo gbé fóònù sórí àpótí, ó jìnnà sí kọ́ńbò ní mítà kan, mi ò sún un mọ́. Ẹ wa áàpù tó ń wọn ariwo sórí ẹ̀, ọ̀fẹ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ẹ ta kọ́ọ̀dù E, okùn mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ọwọ́ ṣe ń rìn lọ́jọ́ Sunday, kì í ṣe bí ẹni ń bínú, ẹ ta á léraléra, ẹ wo nọ́ńbà tó ń padà wá jù. Ẹ kọ ọ́. Tẹ́ ẹ bá dé orí ìkejì, ẹ ṣe vólúùmù kọ́ńbò títí á fi bọ́ sí nọ́ńbà yẹn. Tó bá ṣì fi dẹ̀síbẹ̀lì kan yàtọ̀, kò tíì tó. Àwọn kan á ní etí àwọn ti tó. Kò tó, etí yẹn gan-an là ń sá fún.

Ohùn tó mọ́ lẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ pa overdrive, ìyẹn ohun tó ń mú kí ohùn kọ́ńbò ya. Pickup tó lágbára máa ń ti overdrive síwájú ju ìkejì lọ, tẹ́ ẹ bá ti tàn án látìbẹ̀rẹ̀, bí kọ́ńbò ṣe ń ya lẹ ń gbọ́, kì í ṣe pickup. Tí wọ́n bá ti gba ohùn mímọ́ gbọ́, ẹ lè wá tàn án.

Tó bá jẹ́ fóònù lẹ fi ń gba ohùn sílẹ̀, ẹ wá ibi tẹ́ ẹ ti lè pa auto gain ẹ̀. Ọ̀pọ̀ fóònù ló máa ń gbé ohùn tó kéré sókè fúnra ẹ̀, tó máa ń tẹ èyí tó ròkè mọ́lẹ̀, ìyàtọ̀ tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún á pòórá. Míkísà kékeré tó ní USB sàn jù. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ fi ránṣẹ́ sí oníbàárà lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document, ẹ má gbé fóònù ti kọ́ńbò kẹ́ ẹ wá fi voice note gbà á.

Ẹ jẹ́ kó kọ ẹ̀yìn sí i

Ẹ fi kọ̀ǹpútà gbé ohùn àtijọ́ tẹ́ ẹ gbà sílẹ̀ fún un gbọ́, ẹ sọ pé A nìyí. Ẹ gbé ti tuntun náà fún un gbọ́, B nìyí. Ẹ wá ta owó ẹyọ sókè tàbí kẹ́ ẹ ní kí ọmọ kékeré kan mú, ẹ tan ọ̀kan nínú méjèèjì, kó sọ èwo ni. Ó ní láti kọ ẹ̀yìn sí kọ̀ǹpútà, ẹ̀yin náà ẹ gbójú kúrò lára ẹ̀, torí ojú yín á tú yín fó. Tó bá gbà á lẹ́ẹ̀mẹta léra, kò tíì tó nǹkan, ẹni tó kàn ń méfò lè ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ kó di márùn-ún, ìyẹn ti di ẹ̀ẹ̀kan nínú méjìlélọ́gbọ̀n. Ẹ má jẹ́ kí èèyàn púpọ̀ wà níbẹ̀, tí ọ̀gá báńdì bá ti sọ̀rọ̀ tán, ta ló máa ní òun gbọ́ nǹkan míì?

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé jìtá lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ ẹ̀ á gbọ́ ohun tí etí ò gbọ́, pàápàá tó bá ń ta á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ọ̀rọ̀ jẹnẹrétọ̀ náà wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá mú iná lọ, ẹ sún ọjọ́ síwájú tàbí kẹ́ ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà, ẹ yọ gbogbo ṣájà fóònù kúrò lára iná. Tó bá jẹ́ coil split lẹ ṣe, ẹ ti sọ fún un pé á máa kùn tó bá fa nọ́ọ̀bù tó ń tan coil split sókè: kọ́ìlì méjì tí wọ́n yí lódì síra wọn ló ń pa kíkùn yẹn, ìdí tí Seth Lover fi ṣe humbucker fún ilé iṣẹ́ jìtá Gibson lọ́dún 1955 nìyẹn, ẹ sì ti pa kọ́ìlì kan. Fóìlì tí wọ́n fi ń ṣe móínmóín lè dín kíkùn kù díẹ̀ tẹ́ ẹ bá fi bo inú ihò jìtá, owó ẹ̀ rọ̀ jọjọ ju ti téèpù bàbà lọ, àmọ́ léèdì kì í mú un, ìdè kékeré àti wọ́ṣà lẹ máa fi mú wáyà mọ́ ọn.

Mágnẹ́ẹ̀tì àtijọ́ kì í ṣe tiyín. Ẹ dì í sínú nájlọ́ọ̀nù, ẹ kọ orúkọ jìtá àti ojú tó kọ sí sí i lára, ẹ fún un. Tó bá ní òun ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan lẹ́yìn gbogbo èyí, owó ọwọ́ nìkan ni kẹ́ ẹ gbà, kẹ́ ẹ dá ti àtijọ́ padà síbẹ̀ lójú ẹ̀.