Orí Mọ́kànlá Ni Mo Dà Nù Kí Ìjọ Méjì Tó Lè Kọ Ara Wọn

Orí mọ́kànlá ni mo dà nù. Kì í ṣe ojú ewé mọ́kànlá o, orí ìwé ni mo wí. Iṣẹ́ oṣù mẹ́rin wọgbó nítorí pé mo rò pé ìtàn ìjọ méjì tó fẹ́ di ọ̀kan, tí kò sì bọ́ sí i, kò lè le láti kọ. Ta ni kò mọ bí nǹkan ṣe ń bàjẹ́? Èmi náà ṣe bí ẹní mọ̀ ọ́n.

Ayé tí mo dá sílẹ̀ kò díjú. Odò ńlá kan ló pín in sí méjì. Wòlíì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń tẹ̀lé, òun ló kó àwọn baba ńlá wọn sọdá odò náà. Ìjọ Àtùpà ní òru ló sọdá, iná ló sì gbé dání. Ìjọ Ọwọ́ Òfìfo ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ni, kò mú nǹkan kan lọ́wọ́. Nítorí náà, àwọn ti ìsàlẹ̀ odò máa ń tan àtùpà kí wọ́n tó gbàdúrà, àwọn ti òkè odò sì ka àtùpà yẹn sí èébú fún wòlíì. Ọ̀tá wá ń bọ̀ wá gba ìlú mọ́ ọba kan lọ́wọ́. Ó nílò ọmọ ogun láti òdìkejì odò, ló bá pe olórí ìjọ méjèèjì pé kí wọ́n wá parí ìjà. Ti máàpù, orúkọ ìlú àti ìran ọba, mi ò ní fi í gbà yín lákòókò. Ẹni tó bá ti kọ ìtàn rí mọ̀ ọ́n.

Àríyànjiyàn ni orí mẹ́fà àkọ́kọ́. Mo kọ ọ́ débi pé títí di òní, tí mo bá ka ọ̀rọ̀ tí olórí Ìjọ Àtùpà sọ nípa òkùnkùn, orí mi máa ń wú. Mo fún ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń bá mi ka iṣẹ́ mi. Ó pè mí lọ́jọ́ kejì.

“Àbúrò, mo gbádùn ẹ̀ gan-an. Àmọ́ ta ló máa jà nítorí èyí? Àwọn tó gbọ́n tó báyìí á ti parí ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.”

Mo ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.” Inú bí mi fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí ni pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ti mú kí àwọn èèyàn wọ̀nyí ní làákàyè jù. Nígbà tí mo fi dé orí keje, wọ́n ti fẹnu kò: kí wọ́n máa tan àtùpà síta, lẹ́nu ọ̀nà, kí inú ilé ìsìn ṣókùnkùn. Kò sẹ́ni tó pàdánù. Èmi tí mo fẹ́ kí ó tú ká ni mi ò rí ohun tí yóò tú u ká.

Ibẹ̀ ni mo há sí. Ọjọ́ ìfọwọ́sí. Gègé wà lọ́wọ́ ọ̀kan nínú olórí ìjọ méjèèjì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kò lè fọwọ́ sí i, kò sì lè gbé e sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ mú amí kan wá, ó fi májèlé sí omi. Mo kà á, ó ń rùn bí irọ́. Mo pa á rẹ́. Mo jẹ́ kí odò kún kí ó gbé ìwé àdéhùn lọ. Ṣé wọn ò lè kọ òmíràn ni? Mo dá lẹ́tà èké sílẹ̀, mo dá ìyàwó ọba kan tó ń dìtẹ̀ sílẹ̀, mo tún fi iná kan sí i. Orí mẹ́rin ni mo fi wá ọ̀bàyéjẹ́ kiri. Gbogbo rẹ̀ dà bíi kí èèyàn ti ẹnìkejì ṣubú, kó ní ó fúnra rẹ̀ yọ̀ ni.

Nígbà tó sú mi, mo lọ ka bí irú rẹ̀ ṣe lọ láyé gidi. Ó yẹ kí n ti ṣe é kí n tó kọ ọ̀rọ̀ kan, ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi ṣe é.

Olú-ọba Constantinople, John VIII, ló ṣe ohun tí ọba mi ṣe gẹ́lẹ́. Àwọn Tọ́ọ̀kì ń bọ̀, ó nílò ìrànlọ́wọ́ pópù, ló bá kó Pátíríákì Joseph II, olórí ìjọ Ọ́tọ́dọ́ọ̀sì wọn, àti àwọn bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ sí ilẹ̀ Ítálì ní 1438, kí ìjọ wọn àti ìjọ Kátólíìkì ti pópù lè di ọ̀kan. Ferrara ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì kó lọ sí Florence ní 1439. Wọ́n jiyàn lórí bóyá ọ̀dọ̀ Bàbá nìkan ni Ẹ̀mí Mímọ́ ti wá tàbí ọ̀dọ̀ Bàbá àti Ọmọ, àti lórí àkàrà aláìwú. Àmọ́ kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ti jà lórí ibi tí àga ta ni yóò wà, wọ́n sì ti ní kí pátíríákì fi ẹnu ko ẹsẹ̀ pópù, ó ní òun ò ṣe. Pópù ló ń san owó oúnjẹ wọn, owó náà sì máa ń pẹ́.

Mo ń ka á lọ, mo ń wá ibi tó ti tú ká. Kò tú ká níbẹ̀! Wọ́n fọwọ́ sí i. Ní ọjọ́ 6 oṣù Keje, 1439, wọ́n kéde ìṣọ̀kan náà ní gbangba. Mark, bíṣọ́ọ̀bù Éfésù, ló kọ̀ tí kò fọwọ́ sí i. Ilé ni ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Àwọn ará ilé kọ̀ ọ́, àwọn kan tó ti fọwọ́ sí i yí ohùn padà. Isidore, olórí ìjọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, gbé e dé Moscow ní 1441, àtìmọ́lé ni wọ́n sọ ọ́ sí. Àwọn ọmọ ogun tó wá ṣèrànlọ́wọ́, àwọn Tọ́ọ̀kì ṣẹ́gun wọn ní Varna, ní ilẹ̀ Bọ̀lìgéríà, ní 1444. Oṣù Kejìlá 1452 ni wọ́n tó kéde ìṣọ̀kan náà nínú Hagia Sophia, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Constantinople. Oṣù Karùn-ún 1453, ìlú bọ́ sọ́wọ́ àwọn Tọ́ọ̀kì.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Òde ni àwọn bàbá yẹn ti fẹ́ kó o wálé.

Mo pariwo nínú yàrá. Oṣù mẹ́rin! Tábìlì ìfọwọ́sí ni mo ń wá aṣebi sí, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti máa ń lọ dáadáa.

Bí mo ṣe tún un kọ kò gba àkókò. Ojú ewé kan àbọ̀ ni ìfọwọ́sí wá jẹ́ báyìí. Gbogbo wọn fọwọ́ sí i, ọba sunkún, wọ́n jẹun. Olórí Ìjọ Ọwọ́ Òfìfo wọ ọkọ̀ padà sílé, ó tan àtùpà sẹ́nu ọ̀nà bí wọ́n ṣe ní kó ṣe. Obìnrin àgbàlagbà kan tó ń gbálẹ̀ ilé ìsìn jáde, ó fẹ́ ẹ pa, ó sì ń bá ilẹ̀ gbígbá rẹ̀ lọ. Wọ́n tún un tàn lọ́jọ́ kejì. Ó tún fẹ́ ẹ pa. Nígbà tó fi di ọ̀sẹ̀ kẹta, ìta ni gbogbo ìjọ ti ń gbàdúrà, olórí wọn nìkan ló wà nínú ilé pẹ̀lú ìwé àdéhùn. Mi ò rò pé mo ti kọ ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Tí ẹ bá fẹ́ kọ irú rẹ̀, láti orí ọjọ́ tí wọ́n padà sílé ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ wá máa rìn padà sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí ìjà wà lára ohun tí ọwọ́ èèyàn ń ṣe. Ní Rọ́ṣíà, ìka mẹ́ta dípò méjì ni wọ́n fi ń ṣe àmì àgbélébùú tí ìjọ fi ya láyé Pátíríákì Nikon. Ẹ sì ṣọ́ra fún ìbò: ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1969, àwọn Mẹ́tọ́díìsì gbà láti bá ìjọ Áńgílíkà ṣọ̀kan, ìdá 75 nínú 100 ni wọ́n ní ìbò gbọ́dọ̀ dé, ti Áńgílíkà dúró sí 69. Mo fẹ́ lo ìyẹn náà, mi ò ráyè rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí.

Mo fi orí tuntun náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé: “Obìnrin yẹn, kí ni orúkọ rẹ̀?” Mi ò tíì fún un ní orúkọ.