Bẹ́ ẹ ṣe lè to ewéko sọ́tọ̀ bíi ti Cesalpino

Andrea Cesalpino, dókítà ará Ítálì, ló kọ De plantis, ìwé kan nípa ewéko, lọ́dún 1583. Àwọn kan nígbà yẹn ń to ewé nípa àìsàn tó ń wò, àwọn míì ń tò ó ní a-b-d, òun ní rárá o, èso àti kóró inú ẹ̀ ni ká wò.

Tẹ́ ẹ bá wà ní Òṣogbo, ó rọrùn. Ẹ kọ́kọ́ ya igi àti ewéko sọ́tọ̀, bóun náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ wá ra tòmáàtì, ìkàn àti ata rodo lọ́jà Ìgbọ̀nà, ẹ là wọ́n sí méjì: kóró pẹlẹbẹ kéékèèké tó lẹ̀ mọ́ inú, wọ́n jọra gan-an, ẹbí kan náà sì ni wọ́n lóòótọ́.

Ewé wọn ńkọ́? Ẹ já a lẹ́yìnkùlé (ẹ má dé Igbó Ọ̀ṣun o!), ẹ tẹ́ ẹ sáàárín bébà ìwé ìròyìn, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù lé e, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ bébà yẹn lójoojúmọ́ pàápàá nígbà òjò, torí tí omi bá fi lè dúró níbẹ̀ báyìí ó ti bu nìyẹn. Tó bá gbẹ, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ páálí, kẹ́ ẹ kọ orúkọ, ibi tẹ́ ẹ ti já a àti déètì. Èyí tí Cesalpino fúnra ẹ̀ ṣe lọ́dún 1563 ṣì wà nílùú Florence ní Ítálì.