Ẹ má hú etí erin inú igbó dànù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ẹ̀yin tí ẹ ń ro oko lápá Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá rí etí erin inú igbó tó gbẹ nígbà ọyẹ́, ẹ má fi ọkọ́ hú u. Kò kú. Aloe buettneri ni àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é, ọmọ bíbí ọ̀dàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì ni. Ìdí rẹ̀ wú bí àlùbọ́sà nínú ilẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀mí rẹ̀ wà títí òjò fi máa dé, tí ewé tuntun á yọ. Ẹ ri igi mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ewé tó gbẹ tán, kí ẹ lè mọ ibẹ̀.

Ìdí ilẹ̀ ni ewé rẹ̀ ti ń jáde, kò ní igi láàárín. Ewé náà nípọn, ẹ̀gún kéékèèké sì tò sí etí rẹ̀. Ọjá kòríkò, ewéko mìíràn tó lè jọ ọ́ lójú yín, kò ní ẹ̀gún yẹn. Èyí tó ká mi lára jù ni oró agogo, ewéko olóje funfun tí ẹ lè ṣì mú: bí ẹ bá ṣẹ́ ohun tí ẹ pè ní etí erin, tí oje funfun dà jáde, ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ fọ ọwọ́ dáadáa, ẹ má fi kan ojú rárá. Ó lè ba ojú jẹ́.

Oje etí erin tó pupa rúsúrúsú lábẹ́ èèpo náà korò, ó sì ń mú inú ṣí gan-an. Kí aboyún má mu ún.

Tí ẹ bá fẹ́ gbìn ín sílé, ilẹ̀ oníyanrìn tí omi kì í dúró sí ni kí ẹ wá. Tí ewé bá ti gbẹ, ẹ dẹ́kun omi, kí ìdí rẹ̀ má bàa jẹrà.