Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ yá gbọ́mú-lé-lántà, ẹ ṣírò ó kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé

Ní Mushin àti Ajégúnlẹ̀, gbọ́mú-lé-lántà, ìyẹn owó tí àwọn báǹkì kéékèèké ń yá àwọn ìyá ọlọ́jà, ti gbé sọ́ọ̀bù àwọn kan dìde, ó sì ti lé àwọn mìíràn sá nílé.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ ni àìṣírò. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á ní èlé jẹ́ ₦4 lórí ₦100 lóṣù, ẹ̀yin á ní kò pọ̀. Ó dáa. Ẹ yá ₦120,000 fún ọ̀sẹ̀ 24, ká pè é ní oṣù mẹ́fà. Èlé oṣù kan ₦4,800, ti mẹ́fà ₦28,800. Àpapọ̀ ₦148,800, ìyẹn ₦6,200 lọ́sẹ̀. Wọ́n tún lè yọ ₦12,000 sílẹ̀ fún ìfipamọ́, kí wọ́n yọ ₦3,000 owó fọ́ọ̀mù. ₦105,000 ló kàn yín lọ́wọ́, àmọ́ èlé orí ₦120,000 lẹ ń san! Ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, ẹ ti dá ìdajì ojú owó padà, síbẹ̀ èlé ò dín kọ́bọ̀. Ẹ bi wọ́n: èló ló máa dé ọwọ́ mi? Èló ni màá san lápapọ̀? Ṣé èlé á máa dín bí gbèsè bá ṣe ń dín?

Èkejì, fífi owó náà ra ọjà tí kì í tètè tà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé èyí tí ẹ gbowó ni sísan máa ń bẹ̀rẹ̀. Tòmátò Mile 12 lè di owó kó tó di ọjọ́ kẹta. Aṣọ tí ẹ gbé kọ́ lè bá Kérésì níbẹ̀. Owó ilé-ìwé ọmọ ní tiẹ̀ kì í tà rárá.

Ẹ má yáwó lórúkọ ara yín fún ẹlòmíràn. Ẹ má yá ti báǹkì kejì san ti àkọ́kọ́. Ẹ má fún ọmọ báǹkì lówó tí kò kọ sínú káàdì lójú yín.

Ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ wá ńkọ́? Onídùúró ara yín ni gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jọ yáwó nínú ẹgbẹ́ kan. Bí ẹnì kan ò bá mówó wá, àwọn tó kù ló máa dá a kí ìpàdé tó tú. Ẹ ò mọ ilé ẹ̀, ẹ ò mọ ibi tó ń tà sí, ẹ kàn fà á wọlé torí pé ẹgbẹ́ ò tíì pé! Tó bá sá, ìjà náà á wọ inú ilé, lẹ́nu ẹ̀rọ omi tí ẹ jọ ń pọn. Kí ẹ tó gba ẹnikẹ́ni wọlé, ẹ yà wo ìsọ̀ ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì láìsọ fún un, kí ẹ bi alájọ ẹ̀ bóyá ó ń dá a déédéé.

Owó ìfipamọ́ yín náà: láti 2024, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dúró fún owó tí èèyàn fi pamọ́ sí báǹkì, ń dáàbò bò ó títí dé mílíọ̀nù méjì náírà, bí báǹkì náà bá ní ìwé àṣẹ. Orúkọ àwọn tó ní in wà lórí ìkànnì CBN, báǹkì àpapọ̀ Nàìjíríà; ẹ ní kí ọmọ yín bá yín wò ó lórí fóònù kí ẹ tó ra fọ́ọ̀mù.