Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra ọ̀kadà àlòkù, ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ná

Ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa gun ọ̀kadà, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀dà tó ń dán tàn yín o. Ẹ sọ fẹ́ni tó fẹ́ tà á pé kó má tíì sítáàtì ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dé, tẹ́ ẹ bá débẹ̀ ẹ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì, tó bá ti ń gbóná, ó ti sítáàtì ẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kì í tètè jí láàárọ̀. Tó bá wá ń yọ èéfín tó dà bí aró, ó ń jẹ ọ́ìlì nìyẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà, nọ́ńbà mẹ́rin kan wà níbẹ̀, 2319 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, táyà tó ti gbó kì í di títì mú dáadáa bí eyín ẹ̀ tiẹ̀ ṣì pé. Nọ́ńbà ara férémù gbọ́dọ̀ bá ti inú ìwé mu, tí ò bá bá a mu ẹ má dúró gbọ́ àlàyé kankan. Ọ̀kadà tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ tóbi tó 125cc ti tó bẹ̀rẹ̀ jàre, kẹ́sẹ̀ yín méjèèjì ṣáà kanlẹ̀ tẹ́ ẹ bá jókòó sórí ẹ̀. Ẹ sì yọ owó helmet sọ́tọ̀ kẹ́ ẹ tó lọ, ìyẹn ò gbọdọ̀ jẹ́ àlòkù o.