Nọ́ńbà ẹ̀yìn Seiko àtijọ́: bí ẹ ṣe máa kọ ọ́ sílẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá ń kó aago ọwọ́ Seiko àtijọ́ jọ, kó tún ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò lónìí. Ẹ mú nọ́ńbà ẹ̀yìn aago, 6139-6000, bí àpẹẹrẹ: 6139 ni ẹ̀rọ inú rẹ̀, 6000 ni ara aago. Ẹ má kọ wọ́n pọ̀ sójú kan, ẹ pín wọn, kí ẹ lè rí gbogbo aago tó ní ẹ̀rọ kan náà lẹ́ẹ̀kan.

Nọ́ńbà kejì tó wà lẹ́yìn aago ló ń sọ ọjọ́ orí. Àmì tó ṣáájú nínú rẹ̀ ni nọ́ńbà tó parí ọdún, èyí tó tẹ̀ lé e ni oṣù: 1 dé 9, lẹ́yìn náà O fún oṣù kẹwàá, N fún ìkọkànlá, D fún ìkejìlá. Tí ẹ bá ń lo Excel, ẹ sọ ojú ibẹ̀ di "Text" kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òdo iwájú aago ọdún 1970 á pòórá, oṣù á wá di ọdún. Ó ń bà mí nínú jẹ́ tí mo bá rí i.

Bí àmì ọdún bá jẹ́ 9, ṣé 1969 ni àbí 1979? Ẹ wo bóyá WATER PROOF tàbí WATER RESIST ni wọ́n kọ sára aago (ọ̀rọ̀ nípa bí omi kò ṣe ní wọ inú rẹ̀). Ní nǹkan bí ọdún 1970 ni wọ́n fi PROOF sílẹ̀. Bí ojú aago bá sọ PROOF, tí ẹ̀yìn sọ 1975, ẹ bi ẹni tó ń tà á dáadáa kí ẹ tó sanwó.

Ẹ ya fọ́tò lẹ́tà kéékèèké ìsàlẹ̀ ojú aago náà. Nọ́ńbà ẹ̀rọ ibẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ẹ̀yìn mu.