Bí mo ṣe di ẹrù ọmọ àbúrò mi tó lọ tẹ̀dó sí Winnipeg, ní Kánádà

Ìkẹ́rẹ́ la ti gbéra. Èmi ni mo tọ́ ọmọ náà. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ rán ọmọ lọ sí Kánádà, ẹ má fún alágbàtà kankan lówó kí ẹ tó fojú ara yín rí lẹ́tà ilé ìwé. Ọ̀kan gba tiwa, kò gbé fóònù mọ́. Ẹ fi orúkọ orí páásípọ́ọ̀tù wé ti ìwé ẹ̀rí. Tirẹ̀ ní "h" níbì kan, kò ní in níbòmíràn. Ìbúra ní kóòtù la fi tún un ṣe.

Ẹrù gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Mo tún gààrí yan nínú agbada, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní títí ó fi tutù pátápátá, kí n tó dì í sínú ọ̀rá méjì, torí ooru inú ọ̀rá ló ń jẹ́ kó hu. Ẹran gbígbẹ, ẹ fi sílẹ̀, wọn ò ní jẹ́ kó gbé e wọlé. Gbogbo oúnjẹ yòókù, kó sọ ọ́ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Ẹ má ra áyọ́ọ̀nù níbí: iná tiwọn 120 fóòtì, tiwa 230. Ẹ̀wù òtútù, kó rà á lọ́hùn-ún.

Ẹ bá a dá ọjọ́ ìpè. Alẹ́ Sọ́ńdè ni tiwa: aago mẹ́jọ níbí, aago kan ọ̀sán lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà òtútù. Ìyá wa ló ń kọ́kọ́ gba fóònù, wọ́n á ki oríkì rẹ̀ tán kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀.